Nọ́ńbà Kọ́ Ni Mo Bí

Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ fún mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, torí ọ̀rọ̀ fóònù gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ní ìlú Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, aránṣọ kan wà tó ń jẹ́ Wúràọlá. Ó mọṣẹ́, àmọ́ ìgbéraga rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé Èkó, tí òkìkí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní ariwo àwọn ará ilé ti pọ̀ jù létí òun. Ó ra nọ́ńbà tuntun, àwọn oníbàárà nìkan ló fún. Ó sọ síìmù àtijọ́ sínú agolo bọ́tìnnì, kò fi káàdì sí i mọ́, kò sì pe ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ mọ́. Ó gbàgbé pé nọ́ńbà yẹn ló fi ṣí ojú-ìwé tí àwòrán gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Nọ́ńbà tí èèyàn kò bá lò fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù á gbà á padà, wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ta ti Wúràọlá, ẹni tó sì rà á kì í ṣe èèyàn rere. Ó rí i pé ojú-ìwé kan so mọ́ nọ́ńbà náà, ó béèrè kóòdù tí wọ́n fi ń wọlé, kóòdù dé sórí rẹ̀, ó sì wọ ojú-ìwé Wúràọlá bí ẹni wọ yàrá ara rẹ̀. Ó mú àwòrán obìnrin náà, ó gbé e sí Wasáàpù, ó di Wúràọlá.

Ìfẹ́tayọ̀, ọmọbìnrin àbúrò bàbá Wúràọlá, ti ń wá ẹni tí yóò kọ́ òun níṣẹ́ ìránṣọ. Ó kọ̀wé sí nọ́ńbà àtijọ́ yìí, èsì sì dé kíá: "Máa bọ̀, àbúrò mi. Bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì, dírẹ́bà mi á wá gbé ọ. Má wulẹ̀ pè mí, nẹ́tíwọ̀kì ibi tí mo wà ò dáa. Bá mi kí ìyá mi, sọ pé mo ní ẹ káàárọ̀, mà." Inú bàbá ọmọ náà dùn gan-an. Wọ́n di ẹrù.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, Ìfẹ́tayọ̀ jíṣẹ́ ìkíni náà fún ìyá Wúràọlá. Ojú ìyá yí padà. Ẹ gbọ́, nínú agbo-ilé wọn, wọn kì í sọ pé ẹ káàárọ̀ fún àgbà. Wọ́n ní kíkí òwúrọ̀ tiwọn, ọmọ á gbọ́ ọ kó tó mọ̀ ọ́n rìn, ìyàwó á kọ́ ọ kó tó dáná. Ẹ má bi mí bó ṣe lọ, ti ilé wọn ni.

Ìyá rìn lọ síbi tí báàgì Ìfẹ́tayọ̀ wà, ó jókòó lé e.

"Ìyá Wúrà, ẹ dìde," ni bàbá ọmọ náà wí. "Nọ́ńbà rẹ̀ nìyí, àwòrán rẹ̀ nìyí. Ayé ti di ayé ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tèmi náà lọ rọ́wọ́ mú."

"Bàbá Kékeré, nọ́ńbà kọ́ ni mo bí," ni ìyá dáhùn. "Ẹ ní kó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílé yìí. Bó bá kí mi, èmi fúnra mi ni màá ru báàgì yìí dé gáréèjì. Bí kò bá kí mi, ẹ gbé èmi àti báàgì pọ̀ sínú mọ́tò."

Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́. Èsì ní kí arúgbó yẹn má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Wọ́n pè é, ó pa fóònù. Síbẹ̀, àwọn kan nínú ilé ń sọ pé ìlara ni, pé ìyá kò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn là. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kò dìde.

Ó rántí obìnrin ìlú wọn kan tó ń ta òwú ládùúgbò Wúràọlá. Wọ́n pè é, ó sì gbé fóònù tọ Wúràọlá lọ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ta nìyẹn?" ni Wúràọlá béèrè.

"Kí mi," ni ìyá wí.

Oníṣòwò òwú ló sọ lẹ́yìn náà pé Wúràọlá kúnlẹ̀ láàárín àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ó kí ìyá rẹ̀ ní kíkí ilé wọn. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ Ìfẹ́tayọ̀.

"Mi ò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni," ó wí. "Èmi tí mi ò ní mọ́tò, níbo ni mo ti rí dírẹ́bà?"

Bàbá Kékeré jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Wúràọlá lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Wọ́n ní nọ́ńbà ti di ti ẹlòmíràn, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Ojú-ìwé rẹ̀ àti gbogbo iṣẹ́ tó fi ní òkìkí lọ bẹ́ẹ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sílé wá mú Ìfẹ́tayọ̀, ó sì ń pe ìyá rẹ̀ láràárọ̀ báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí ẹ máa mú lọ nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ fi nọ́ńbà kan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò níbi gbogbo tí ẹ ti fi í ṣe kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì sọ fún ará ilé yín. Ẹni tó sì mọ ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ó yá, ẹ lè gbé fóònù yín. Ìyá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.