Omi Wà Lábẹ́ Yìnyín

Ẹ̀yin ará mi, ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ka ìtàn yìí parí. Ẹ má kà á dé ìdajì.

1.
Ọdún 1996 ni. Adéògún, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ti pẹ́ ní Torino. Ẹnjiníà ni, ó sì gbọ́ èdè Italia bí ẹni mumi. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀.

Àbúrò rẹ̀, Ìfẹ́táyọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé láti wá kàwé ní Padova. Kò tíì gbọ́ ju "ciao" lọ.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ mú mi lọ wo yìnyín kó tó tán."

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sórí òkè.

2.
Àsìkò ti lọ. Àwọn tó ń wá yọ̀ lórí yìnyín kò pọ̀ mọ́. Koríko ti yọjú nísàlẹ̀ òkè, yìnyín tó kù sì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Wọ́n ta okùn dí ibì kan tó tẹ́jú, tó funfun, tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Adéògún fẹ́ kí àwọn ti ya fọ́tò.

Bàbá arúgbó kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré jáde. "No, signore! Sotto c'è acqua!"

Omi wà lábẹ́ rẹ̀, ohun tí bàbá náà ń wí nìyẹn. Ó yé Adéògún yékéyéké. Ṣùgbọ́n inú bí i pé wọ́n ń jágbe mọ́ òun bí ọmọdé níṣojú àbúrò òun.

"Kí ni bàbá yẹn ń wí, Bùrọ̀dá mi?"

"Ó ní ká má pẹ́ jù. Bọ́ síbẹ̀, jàre."

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ ò rí irọ́ kékeré!

3.
Ìfẹ́táyọ̀ fo okùn náà kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na apá méjèèjì. Adéògún gbé kámẹ́rà sójú. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ funfun náà là, àbúrò rẹ̀ sì wọlẹ̀ lọ.

"Bùrọ̀dá mi!"

Abẹ́ ilẹ̀ ni ohùn náà ti ń bọ̀, pẹ̀lú ariwo omi. Adéògún fẹ́ sáré síbẹ̀, bàbá arúgbó rọ̀ mọ́ ọn. Adéògún da àyà délẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán wa yìnyín. Bó ṣe ń wa á ló ń ya.

"Táyọ̀, di nǹkan mú! Mo ń bọ̀!"

Kò lè lọ. Ohùn náà tún pè é lẹ́ẹ̀kan, ó ti jìnnà sí ibi tó ti kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn náà, omi nìkan ló ń dún.

Nígbà tí àwọn tó ń yọni nínú ewu gbé okùn àti ṣọ́bìrì dé, òkú Ìfẹ́táyọ̀ ni wọ́n gbé jáde nísàlẹ̀ odò tó ń ṣàn lábẹ́ yìnyín náà.

4.
Adéògún tẹ ilé láago láti Barriera di Milano, àdúgbò tó ń gbé ní Torino. Ilé aládùúgbò tó ní fóònù ni wọ́n pe ìyá wọn sí. Ìyá ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó wá rọra béèrè pé:

"Adé, ṣé kò sí ẹnì kan lórí òkè yẹn tó lè kìlọ̀ fún yín ni?"

Adéògún rọra gbé fóònù náà kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, mo bẹ̀ yín: bí onílé bá ní ẹ má gba ibì kan, ẹ má jẹ́ kí ìgbéraga di etí yín. Ìkìlọ̀ tí ẹ bá sì gbọ́, ẹ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.