Ọjọ́ Tí Thoa Ní Kí Wọ́n Pa Ohùn Miền

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní ohùn. Thoa tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè, abúlé kan náà la jọ ń gbé létí odò Cầu. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́.

1.
Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan kì í dá kọrin quan họ, orin ìbílẹ̀ wa. Méjì-méjì ni. Obìnrin méjì á dúró pa pọ̀, wọn á hun ohùn wọn mọ́ra títí ẹni tó ń gbọ́ ò fi ní mọ̀ pé ẹni méjì ni. Bí ọ̀kan bá fẹ́ mí, èkejì á di orin mú dè é.

Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Thoa àti Miền ti jọ ń kọrin. Thoa ń léwájú, Miền ń tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà Khuyên ló kọ́ wọn. Láràárọ̀, ìyá á ní kí wọ́n fi èémí kan ṣoṣo kùn láti ẹnu kànga dé gbọ̀ngán abúlé. Miền máa ń dé gbọ̀ngán. Thoa kì í kọjá ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín ọ̀nà.

"Thoa, ohùn rẹ dùn, àmọ́ èémí rẹ kúrú," ni ìyá máa ń wí. "Fi ikùn mí. Ìwọ ń fi èjìká mí bí ẹni tó ń sá fún ajá!"

"Màmá, ṣebí Miền wà níbẹ̀," Thoa á fèsì, á bú sẹ́rìn-ín. "Òun ni èémí mi."

Nígbà tó yá, Thoa kò wá mọ́ láàárọ̀. Ó ní oorun ń kun òun.

2.
Ọdún tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ọkùnrin kan wá láti inú ẹgbẹ́ akọrin ìpínlẹ̀. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń dánra wò. Ó bi àwọn tó jókòó tì í pé, "Ta ló ni ohùn yẹn, èyí tó ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń já sínú àwo?"

Wọ́n nawọ́ sí Miền.

Ọkùnrin náà ní òun á padà wá lọ́jọ́ ọdún abúlé, òun á mú ẹnì kan wọ ẹgbẹ́ òun.

Ẹ̀yin ará, ìlara kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Thoa délé, ó gbé ìrẹsì síwájú, kò rí i jẹ. Ó ń rò ó lọ́kàn pé: Èmi tí mo ń léwájú láti ọdún yìí wá! Ta ló ń gbọ́ ohùn mi nígbà náà?

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, Thoa mú ewé bítẹ́lì, tí àwọn àgbà ibí máa ń jẹ bí obì, lọ bá Bàbá Quyết, ẹni tó ni máìkì àti sípíkà.

"Bàbá, ọ̀fun ń dun Miền, kò sì fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ pa máìkì tirẹ̀, kí ojú má baà tì í."

"Háà, o mà mọ ọ̀rẹ́ tọ́jú o," bàbá wí, ó sì ń jẹ ewé rẹ̀ lọ.

Wọ́n gorí pèpéle. Ohùn Thoa nìkan ló gba gbogbo pápá. Inú rẹ̀ dùn. Ó rí ọkùnrin ọjọ́sí níwájú, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Orin dé ibi tó gùn. Thoa mí, bó ṣe máa ń mí níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá.

Sípíkà dákẹ́ rọ́rọ́.

Ó sáré gbá orin mú, kò bá a. Ó tún gbìyànjú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ohùn sì fọ́ bí ìgbà tí àkùkọ kékeré ń kọ́ bí a ṣe ń kọ. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan láàárín àwọn àlejò nahùn pé:

"Ọmọ mi, ẹnì kejì rẹ dà?"

Ẹnì kejì rẹ̀ sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu Miền ń lọ, òógùn bò ó.

4.
Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, Miền sáré lọ bá Bàbá Quyết lójú gbogbo èèyàn. "Bàbá, ẹ bá wa sọ fún wọn pé máìkì ló bàjẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi Thoa."

"Kò bàjẹ́ o, ọmọ mi. Ṣebí Thoa ló ní ọ̀fun ń dùn ọ́, kí n pa á?"

"Ọ̀fun tèmi?"

Thoa ń wo bàtà rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná láti etí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Miền sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mo rò pé ẹ̀rọ ló kọṣẹ́. Mo wá ń kígbe, kí o lè gbọ́ mi, kí o má baà rò pé mo fi ọ́ sílẹ̀."

Bó bá jẹ́ pé ó gbá a létí ni, ì bá sàn. Ìyá àgbà Khuyên kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fa gèlè orí rẹ̀ wálẹ̀, ó fi bo ojú ara rẹ̀. Ohun tí Thoa kò lè gbàgbé títí dòní nìyẹn. Ọkùnrin ẹgbẹ́ akọrin bọ́ sórí alùpùpù rẹ̀, kò mú ẹnikẹ́ni lọ.

5.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Thoa lọ bẹ Miền. Lẹ́ẹ̀kẹta, Miền bu tíì fún un.

"Mo ti dárí jì ọ́, Thoa. Àmọ́ bí mo bá dúró tì ọ́ báyìí, èémí mi ni n ó máa ṣọ́. Mi ò lè kọrin bẹ́ẹ̀."

Miền ti rí ẹlòmíì bá kọrin. Thoa kò rí. Ẹni tó bá bẹ̀, wọn á ní, "Àǹtí, ẹ má bínú." Ìyá ọmọbìnrin kan tilẹ̀ sọ ọ́ sí i lójú: "Ṣé kí ìwọ tún wá pa ohùn ọmọ tèmi ni?" Ọdún kẹfà rèé. Bí ọjọ́ ọdún abúlé bá dé, ilẹ̀kùn ni Thoa ń tì.

Ìwọ tí ò ń kà á, bí Ọlọ́run bá fún ọ lóhùn, kọ́ ọ. Jí láàárọ̀, kọ́ èémí tìrẹ. Má fi ẹ̀bùn ẹlòmíì bo ìwà ọ̀lẹ rẹ mọ́lẹ̀, má sì pa iná ẹnikẹ́ni kí tìrẹ lè mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní: bí o bá gbẹ́ kòtò ìkà, má gbẹ́ ẹ jìn, torí ìwọ náà lè kó sí i.