Káàdì Tí Ryohei Mú Lọ

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, Fusae Hirono tan kọ̀ǹpútà tó wà nílé ìdáná, ó wo àkọsílẹ̀ póíǹtì ìdílé rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan lábẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó pa á, ó tún un tàn.

Nílé wọn ní Toyohashi, lórílẹ̀-èdè Japan, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì oníbàárà tirẹ̀ láti ilé ìtajà kan tó ní ẹ̀ka káàkiri. Bí wọ́n bá ti rajà níbẹ̀, póíǹtì, èrè oníbàárà tó ṣeé ná bí owó, á wọ inú àpò kan ṣoṣo tó jẹ́ ti gbogbo ìdílé, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò sì hàn nínú àkọsílẹ̀: orúkọ ẹni tó rajà, ibi tó ti rà á, iye póíǹtì. Fusae kì í fi póíǹtì ṣeré. Ọjọ́ tí póíǹtì bá di ìlọ́po márùn-ún nìkan ló ń ra ìrẹsì àti ọṣẹ, òjò ìbáà máa rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti kó ìdílé rẹ̀ lọ gbafẹ́ ní ìlú tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ owó ọkọ̀. Àwọn aládùúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á sì tún yọ́ wá bi í bó ṣe ń ṣe é.

Ọdún méjì sẹ́yìn, Ryohei, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, bá bàbá rẹ̀ jà lẹ́nu, ó jáde nílé, kò padà. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó fi aṣọ òtútù sílẹ̀. Káàdì rẹ̀ nìkan ni wọ́n wá tì. Àwọn ọlọ́pàá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó parí síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, póíǹtì mẹ́ta wọlé láti ìlú Niigata lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Fusae sunkún ayọ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò wọlé: Sendai, Akita, Okayama. Ọmọ náà kò pè, àmọ́ ó ń mu kọfí, ó ń jẹun. Ìyẹn tó fún ìyá rẹ̀ láti fi sùn.

Èyí tó kẹ́yìn wá láti Hakodate, lókè àríwá lọ́hùn-ún, ní ìparí oṣù kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa.

"Ó ti kú," Fusae wí. "Bàbá, ọmọ mi ti kú."

Tokuji ọkọ rẹ̀ na gbalaja sórí ẹní. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni, láti ìlú dé ìlú ló máa ń kó ẹja. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni apótí ẹja dídì ṣe é léṣe níbàdí, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ títí di oṣù karùn-ún. Láti ogún ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òdòdó igi ṣẹ́rì tanná, tó sì rẹ̀, lójú rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

"Má fẹnu ẹ pè é," ló dáhùn. "Ó lè máa ra kọfí níbòmíràn. Ṣé ilé ìtajà yẹn nìkan ló wà láyé ni?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Bàbá! Ọmọ tí kò jẹ mí ní ọ̀sẹ̀ kan rí!"

"Fara balẹ̀ ná. Tí mo bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ á bọ̀ sípò."

"Iṣẹ́ tìẹ ni mò ń sọ?"

Ó kẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtilọ Hakodate. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n póíǹtì ló wà nínú àpò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́sàn-án ni owó bàálù Hakodate pọ́ọ́kú jù, ilé ìtura kan sì ń gba ìdajì owó lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní jẹ oúnjẹ àárọ̀. Tokuji ní ìbàdí òun kò lè gba ìjókòó bàálù. Fusae ní kó dúró sílé, òun á dá lọ. Ọkùnrin náà wá ní kó gba ìjókòó méjì.

Ní ọjọ́ Àìkú, Honami ọmọ wọn obìnrin wá kí wọn.

"Màmá, póíǹtì tí a fẹ́ fi lọ gbafẹ́ ní Okinawa lẹ fẹ́ ná tán yìí o."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

Honami gba fóònù ìyá rẹ̀, ó tò ó kó máa dún lójú ẹsẹ̀ tí póíǹtì bá ti wọlé, kí wọ́n má dúró de kọ̀ǹpútà àárọ̀ mọ́. Ilé ìwẹ̀ ni bàbá rẹ̀ wà nígbà náà.

Ní Hakodate, Fusae gbé fọ́tò Ryohei kiri ilé ìtajà mẹ́rin. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá kan bi í ní pẹ̀lẹ́ bóyá eyín ọmọ náà kankan ti kán rí. Ó mọ̀ pé eyín ni wọ́n fi ń dá òkú mọ̀. Tokuji ló fà á jáde, tó mú un lọ jókòó ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkùnrin náà ti fajú ro.

"Dúró dè mí níbí," ó wí. "Mò ń lọ ra oògùn tí mo máa lẹ̀ mọ́ ìbàdí."

"Má pẹ́ o. Mi ò fẹ́ dá wà."

Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Ó ń ronú nípa eyín. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fóònù náà dún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ryohei Hirono. Hakodate, iwájú ibùdókọ̀ ojú irin. Póíǹtì méjì.

Kò mọ ìgbà tó dìde. Ó fi báàgì sílẹ̀ lórí àga, ó sáré kọjá títì, ọkọ̀ kan fọn fèrè mọ́ ọn, kò wo ẹ̀yìn. Ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ náà má ti lọ. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìtajà náà wọlé.

"Ryohei!"

Oníbàárà kan ṣoṣo tó wà níwájú olùtajà bojú wẹ̀yìn, Tokuji ni, káàdì Ryohei sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.