Démiládé, Ọ̀gá Gọ́ọ̀fù

Àbúrò mi Démiládé dé láti Èkó lánàá. Ó ti dọ̀gá gọ́ọ̀fù.

Ní Molutehin! Níbi tí a ti ń tukọ̀ lọ kí aládùúgbò!

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, irin ìgbábọ́ọ̀lù olórí ńlá ni kó rà. Ó máa ń foríji èèyàn. Téèyàn bá tiẹ̀ ṣì í gbá, bọ́ọ̀lù á ṣì lọ tààrà."

Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ó gbá a. Ilẹ̀ ló hú. Bọ́ọ̀lù ò mira.

Mo pòṣé. "Ṣé ibí nìkan lo rí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ibí nìkan ni ilẹ̀ ti gbẹ ní gbogbo àdúgbò yìí."

Òótọ́ ló sọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ibẹ̀ la sin ìyá wa sí, lọ́jọ́ tí Démiládé ní òun ò ráàyè wá.