Fèrè Kì í Kọ Ebè

Zémidjan, alùpùpù akérò tó gbé e wá, kò lè gun òkè náà, nítorí náà Lambert sọ̀ kalẹ̀ nísàlẹ̀ àpáta, ó gbé àpò rẹ̀ lé èjìká, ó sì fi bàtà dídán gun ọ̀nà ilé wọn ní Soclogbo. Òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀ kí ó tó dé àgbàlá.

Odile, aya Séverin àbúrò rẹ̀, ń bẹ iṣu lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí i, tòun ti ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti rò pé ọjọ́ Ajé yóò ṣáájú yín dé."

"Ọjọ́ Ajé náà lẹ ṣì fẹ́ mú Bàbá lọ?"

"Ọjọ́ náà ni. Ẹkún ni wọ́n fi ń jí láràárọ̀. Wọ́n ní àwọn kò lọ ibì kankan."

"Ṣé wọ́n wà nínú ilé?"

"Wọ́n wà lórí àpáta. Mo ní kí wọ́n sùn lọ́sàn-án, wọ́n kọ̀. Eré ni látàárọ̀ ṣúlẹ̀."

"Séverin kò lè bá wọn wí?"

"Ta ní í gbé ọwọ́ sókè sí bàbá rẹ̀?" Odile ju èèpo iṣu sí ewúrẹ́. "Ẹ lọ bá wọn. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín."

Ẹ̀rù ń ba Lambert. Ṣẹ́fù ni ní Kútọnu. Àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ a máa dìde bí ó bá wọlé. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọ̀rọ̀ kan ti wà láàárín òun àti Bàbá. Lọ́jọ́ kan, ó gé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ó dá ihò sí i lára, ó wá ń fọn ọ́n nínú oko, nídìí ebè tí ó yẹ kí ó máa kọ. Bàbá gba fèrè náà lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́.

"Fèrè kì í kọ ebè," ni Bàbá wí.

Láti ọjọ́ náà, Lambert kò fọn fèrè mọ́, kò ṣeré mọ́. Ìwé tí kò ní àwòrán nìkan ni ó ń kà, títí ó fi kà á kúrò nílé. Nígbà tí gbogbo ẹbí pé jọ sí àgbàlá yìí nítorí Bàbá, ìrẹsì àti sìmẹ́ńtì ni ó fi ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò wá.

Bàbá jókòó lórí àpáta, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu jẹ àgbàdo sísun, nítorí eyín iwájú rẹ̀ kò sí. Orí rẹ̀ tí wọ́n fá ń dán nínú òòrùn. Lambert wo iwájú orí náà. Ìlà tí ó máa ń hàn níbẹ̀ bí inú bá ń bí Bàbá ṣì wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta gbígbóná.

"Ẹ kú òòrùn, Bàbá. Èmi Lambert ni."

Bàbá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Kí lo mú wá?" Ohùn náà tín-ín-rín ju èyí tí Lambert máa ń gbọ́ lójú àlá lọ.

"Ìwé ni, Bàbá."

"Gbé e sílẹ̀. Ṣé o mọ̀ ọ́n yọ̀?" Bàbá nawọ́ sí ibi tí àpáta ti dán lọ sí ìsàlẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀, Bàbá."

Ìlà iwájú orí náà jìn sí i. Lambert jókòó lé imọ̀ ọ̀pẹ.

Achille, aládùúgbò wọn tí ń ti oko bọ̀, bá a nísàlẹ̀, ṣòkòtò Lambert ti ya nídìí.

"Ṣẹ́fù," ni Achille wí, "ṣé bí ẹ ṣe ń wọ ibi iṣẹ́ ní Kútọnu nìyẹn?"

"Bàbá ló ní kí n yọ̀."

"Àṣẹ ni. Èmi náà yọ̀ lánàá. Ìdí ṣì ń dùn mí."

Lókè, Bàbá ń rẹ́rìn-ín títí àgbàdo fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lambert kò rántí pé òun gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí. Ó wọ́ imọ̀ ọ̀pẹ náà, ó sì tún gun àpáta lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Nírọ̀lẹ́, ó ṣí ìwé náà. Àwòrán ló pọ̀ jù níbẹ̀: erinmi kan ni ó lọ ra bàtà lọ́jà. Bàbá kò mọ̀wé kà, nítorí náà Lambert ń kà á jáde.

"Tún un kà," ni Bàbá wí.

Ó tún un kà. Nígbà tí ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó fún erinmi ní ohùn ọ̀gá rẹ̀ ní Kútọnu, òun alára sì bú sẹ́rìn-ín. Odile gbé oúnjẹ wá, ó fẹ́ iṣu Bàbá kí ó tutù. Kí ó tó tutù, Bàbá ti sùn lé Lambert lápá. Apá náà kú tipiri. Lambert kò mú un kúrò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Máàsì, àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá," ni Lambert wí, "ọ̀rọ̀ fèrè ọjọ́ yẹn. Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

"Ebi ń pa mí," ni Bàbá wí.

Lambert gé ọ̀pá ewé kan, ó dá ihò sí i. Ó fi í sẹ́nu. Orin náà wọ́, ewúrẹ́ dìde kúrò nítòsí. Bàbá nawọ́, ó gba fèrè náà lẹ́nu rẹ̀. Lambert di ojú, ó ń dúró de ìró fífọ́.

Ohun tí ó gbọ́ dàbí igbe òròmọdìyẹ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó lajú. Fèrè náà wà lẹ́nu Bàbá, itọ́ ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Tèmi nìyí," ni Bàbá wí. "Lọ ṣe tìẹ."

Lambert fi ọwọ́ ẹ̀wù nu ojú, ó sì lọ gé òmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Odile wọ kaakí tuntun fún Bàbá, àkọ́bí rẹ̀ tí ó bí ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin baba ọkọ rẹ̀, ó nu imú rẹ̀, ó gbé àpò ìwé kọ́ ọ lẹ́yìn, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ sí ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Bàbá ti fèrè bọ ẹnu, ó ń lọ, kò wẹ̀yìn.