Ilé-Ìwé Àwọn Ọmọ Àgbébọ̀

Ààlọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tòògbé, ẹ dáhùn!

Kìnnìún àti Erin ń du ipò ọ̀gá ayé. Kìnnìún ní kí ilé-ìwé adìẹ kọ́ ọmọ láti bú ramúramù bíi tòun. Erin ní irọ́ ni, kí wọ́n máa fọn bíi tòun. Bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀kọ́ padà lọ́dọọdún, àyà Àgbébọ̀ ń já: ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ òun bí a ṣe ń sá fún àṣá?

Àṣá dé lóòótọ́. Àwọn ọmọ bú ramúramù, "Hín-ín!" Ẹ̀rín pa àṣá. Àgbébọ̀ na ìyẹ́, ó fi orin pè wọ́n. Ẹ gbè é, ẹ̀yin olóhùn ọ̀pọ̀lọ́:

"Ọmọ mi, ẹ máa bọ̀ o."
*Abẹ́ ìyẹ́!*

Wọ́n ya wọlé. Ọwọ́ àṣá ṣófo.

Ọ̀kan bi í lábẹ́ ìyẹ́, "Màámi, ṣé a ti fìdí rẹmi nìyẹn?"

"Ẹ ti yege, ọmọ mi."