Àlàájà Sàwúdátù àti Kókó Mẹ́ta Ọrùn Rẹ̀

Ní ìlú Ìsẹ́yìn, ẹ̀yin ọmọ mi, obìnrin kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀. Àlàájà Sàwúdátù ni. Òun ló ń dá orin fún ẹgbẹ́ Aṣálátù àdúgbò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò ní sùúrù rárá.

Nígbà tó yá, ọrùn rẹ̀ ń wú. Dókítà ní kó lọ ya àwòrán inú ọrùn náà. Ẹni tó ń yà á fi nǹkan tútù pa á lọ́rùn, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, ó ní, "Kókó mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Ìyá. Ẹ mú àwòrán yìí lọ fún dókítà, yóò..."

"Ó ti parí! Mo ti gbọ́!" Àlàájà ti bọ́ sílẹ̀. Ilé ló gbà lọ, kò dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹ bi mí pé kí ló ṣe nílé. Ó ń pín ogún ara rẹ̀! Ó gbé ìkòkò fún aládùúgbò, ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn elégbè máa dá orin lọ. Orí mi ò, ẹni tí kò tíì kú! Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á gidi, ó ti gbà pé jẹjẹrẹ ni. Ó dá a lójú pé bí ikú bá tilẹ̀ fi òun sílẹ̀, ọ̀bẹ dókítà yóò gba ohùn òun.

Àbúrò rẹ̀, Mọ́ríámọ̀, ló kọ aṣọ léèsì tí Àlàájà fẹ́ fún un, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gba ogún lọ́wọ́ alààyè. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ. Bí dókítà bá ń sọ̀rọ̀, ẹ fọwọ́ bo ẹnu."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, Àlàájà fọwọ́ bo ẹnu lóòótọ́. Dókítà ní, "Ìyá, ọ̀pọ̀ irú kókó yìí kì í pa ni. Omi ló wà nínú méjì. Ẹ̀kẹta ni a ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yẹ̀ wò." Wọ́n fa díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kẹwàá, èsì dé: kò sí jẹjẹrẹ, kò sí ọ̀bẹ! Kó ṣáà máa wá ya àwòrán lọ́dọọdún, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Aṣálátù tó tẹ̀ lé e, Àlàájà dá orin títí àwọn tó ń kọjá lójú títì fi dúró. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí wọ́n bá rí nǹkan lára yín, ẹ má sá, ẹ má sì dájọ́ ikú fún ara yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.